Èsì wa fún Alhaja oní-Transit: tọ́bò yín ò tíì kú

Alhaja wa, ẹ kú àárọ̀ o, ẹ sì kú ìnáwó. Mo rí ìràwọ̀ kan ṣoṣo tí ẹ fún wa, mo sì ka ohun tí ẹ kọ sábẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó dáhùn. Ẹ ní ẹ gbé Ford Transit yín wá torí pé óìlì ń jò, kò sì lágbára láti gun òkè Ẹ̀fọ̀n-Aláayè mọ́. A gba ₦25,000 fún àyẹ̀wò, a gba owó rọ́bà kan lé e, a ní kò sóhun tó ṣe tọ́bò, ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnnì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, óìlì tún ń kán sílẹ̀ nínú ọgbà yín. Mẹkáníìkì àdúgbò yín wò ó, ó ní tọ́bò ti kú, kẹ́ ẹ mú ₦350,000 wá. Ẹ wá kọ ọ́ pé ńṣe la fi kọ̀ǹpútà jẹ yín lówó.

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, àmọ́ kì í ṣe ibi gbogbo lẹ ti jẹ̀bi. Ibi tí ẹ̀bi ti jẹ́ tiwa, màá sọ ọ́ nísàlẹ̀. Kí n kọ́kọ́ bẹ̀ yín ná: ẹ má tíì san ₦350,000 yẹn fún ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí dírẹ́bà yín gbé ọkọ̀ dé, ó ní tí òun bá tẹná, ńṣe ni yóò kàn máa ké, kò ní lọ, èéfín dúdú á sì máa tú lẹ́yìn. Mo bi í bóyá èéfín náà ní àwọ̀ aró lára. Ó ní rárá, dúdú kirikiri ni. Ibẹ̀ niṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì dísù tí kò rí afẹ́fẹ́ tó fún epo tó wọ inú rẹ̀, dúdú ló máa ń rú. Tó bá jẹ́ pé óìlì ẹ́ńjìnnì ló ń jóná, èéfín á máa ṣe bí aró, òórùn rẹ̀ á sì yàtọ̀. Tọ́bò tí síìlì rẹ̀, ìyẹn ohun tó ń dí óìlì mọ́ ààyè rẹ̀, ti lọ a máa da óìlì sínú afẹ́fẹ́ tí ẹ́ńjìnnì ń mí, aró lẹ ó rí lẹ́yìn ọkọ̀. Kí n tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ọkàn mi ti kúrò lórí tọ́bò, ó ti ń lọ sọ́dọ̀ àwọn rọ́bà.

A so ẹ̀rọ tó ń ka kóòdù àṣìṣe ọkọ̀ mọ́ ọn, ó gbé P0299 jáde. Alhaja, kóòdù yẹn kò sọ pé tọ́bò kú. Ohun tó ń wí ni pé afẹ́fẹ́ tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ń retí kò pé. Tómi ò bá dé kíṣìn yín, ó lè jẹ́ pé ẹ̀rọ tó ń fa omi ló bàjẹ́, ó sì lè jẹ́ pé páìpù ló bẹ́ lẹ́yìn ilé. Mi ò mọye tọ́bò tó ṣì dáa tí mo ti rí tí wọ́n jù sórí ààtàn irin ní Ararọ̀mí, ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀, nítorí kóòdù yìí nìkan.

Ẹ tún ráhùn pé a fọ abẹ́ ọkọ̀ yín, ẹ ní kì í ṣe ọ̀dọ̀ àwọn tó ń fọkọ̀ lẹ rán an sí. Ẹ gbà mí gbọ́, óìlì kì í dúró síbi tó ti jò. Afẹ́fẹ́ ojú ọ̀nà á gbá a sẹ́yìn, eruku á lẹ̀ mọ́ ọn, tó bá fi máa pé oṣù kan, gbogbo abẹ́ ọkọ̀ á ti dúdú, ibi yòówù téèyàn bá nawọ́ sí lá ti bá óìlì. A fọ̀ ọ́, a jẹ́ kó gbẹ, a wọ́n páúdà ọmọdé sí i lára, mo sì fúnra mi wà á láti Ìwó Road dé Tollgate àtijọ́, mo padà. Nígbà tí a gbé e sókè, ó funfun bíi ẹni tó fẹ́ ṣọdún, àyàfi ojú ibi méjì.

Èkíní ni rọ́bà ńlá tó ń gbé afẹ́fẹ́ láti tọ́bò lọ sí íntákúlà tó ń mú afẹ́fẹ́ náà tutù, nísàlẹ̀ níwájú, lẹ́yìn bọ́ńpà. Abẹ́ rẹ̀ ló ti la, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí kílíìpù ti fún un. Téèyàn bá wò ó látòkè, bíi tuntun ló rí. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́, ẹnu ojú lílà náà á pa dé. Ìgbà tí dírẹ́bà bá tẹná lórí òkè, tí afẹ́fẹ́ fẹ́ fagbára wọlé, ìgbà náà ló máa ya. Ìdí tí ọkọ̀ fi ń ṣe dáadáa nígboro nìyẹn, tó wá ń dójú tì yín ní Ẹ̀fọ̀n. Ojú lílà yìí kan náà ni óìlì ń gbà kán. Ikùn ẹ́ńjìnnì máa ń mí èémí tó ní óìlì nínú, páìpù kan tí à ń pè ní bíríídà ló ń dá a padà síwájú tọ́bò kó lè jóná, díẹ̀díẹ̀ ló sì ń rọ̀ sílẹ̀ nínú rọ́bà. Óìlì fẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹ lè fìka nù nínú rọ́bà yẹn, ọkọ̀ alára líle náà ní in. Èyí tó bá pọ̀ débi tí ẹ lè rọ ọ́ sínú ife nìkan ló yẹ kó já yín láyà.

Síbẹ̀, n kò fi tọ́bò sílẹ̀ láìyẹ̀ ẹ́ wò. Mo yọ páìpù ẹnu rẹ̀, mo fìka méjì di irin àárín rẹ̀ mú. Irin yẹn lè yí ju ìgbà 100,000 lọ láàárín ìṣẹ́jú kan, orí óìlì tó fẹ́lẹ́ ló sì ń léfòó lé. Tó bá mì díẹ̀ sọ́tùn-ún sósì, ààyè óìlì ni. Èyí tí a kì í fẹ́ rí ni kó máa wọlé kó máa jáde, tàbí kí abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ máa ha ilé rẹ̀ lára. Tiyín kò ṣe ọ̀kankan nínú méjèèjì. Mo ti ọ̀pá tó ń darí agbára rẹ̀, ó ń lọ, ó ń bọ̀, kò há. Dírẹ́bà yín wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo ní kóun náà fọwọ́ kàn án, ó sì fọwọ́ kàn án.

A fi rọ́bà mìíràn sí i pẹ̀lú kílíìpù tuntun méjì, ₦38,000. A gbé e gun òkè Mókọ́lá, ó lọ bí ọfà.

Ibi kejì ló wá bí ìjà. Gáskẹ́ẹ̀tì ìdérí orí ẹ́ńjìnnì, ìyẹn ohun tó ń dí ojú ìdérí náà kí óìlì má jò, ń rin lẹ́yìn, óìlì rẹ̀ á sì máa wọ́ sọ̀kalẹ̀ títí dé ibi tí ẹ́ńjìnnì àti gíábọ́ọ̀sì ti pàdé. Lọ́jọ́ náà kò tíì tó ohun tó ń kán sílẹ̀. A kọ ọ́ sínú ìwé iṣẹ́ pé gáskẹ́ẹ̀tì yẹn ń rin, bíríídà sì ti fẹ́ dí, kí wọ́n padà wá ṣe méjèèjì. Ọmọ tó wà nídìí owó na ìwé náà sí dírẹ́bà yín, ó parí síbẹ̀. Kò sẹ́ni tó pè yín. Ẹ̀yin lẹ lọkọ̀, ẹ̀yin lẹ sanwó, ẹ̀yin ló sì yẹ kí n bá sọ̀rọ̀, torí dírẹ́bà ò lè fowó yín ṣèpinnu. Mo jẹ̀bi níbẹ̀, ẹ forí jì mí. Ohun tó tún ń dùn mí ni pé bíríídà yẹn, ọjọ́ náà gan-an ló yẹ ká ti ṣe é. Tó bá dí, èémí inú ẹ́ńjìnnì ò ní rọ́nà lọ, á wá máa ti óìlì jáde níbikíbi tí gáskẹ́ẹ̀tì bá ti rẹ̀. Kódà ó lè dí óìlì tọ́bò lọ́wọ́ kó má lè ṣàn padà, kí tọ́bò tó dáa wá máa rú èéfín bíi aláìsàn.

Kí n tó kọ èsì yìí, mo pe dírẹ́bà yín. Ó ní láti ọjọ́ tí a ti fi rọ́bà sí i, ó ti gun Ẹ̀fọ̀n lẹ́ẹ̀mẹrin pẹ̀lú èrò kíkún, kò fìgbà kan ṣàárẹ̀, èéfín dúdú ò sì jáde mọ́. Mo bi í ní ohun tí mẹkáníìkì kejì tú wò. Ó ní kò tú nǹkan kan, ó kàn bẹ̀rẹ̀, ó tan tọ́ọ̀ṣì sábẹ́, ó rí óìlì, ó dá owó lé e. Alhaja, tọ́bò wo ló kú tó ń gbé èrò kíkún gun Ẹ̀fọ̀n lẹ́ẹ̀mẹrin?

Láàárín ìsinsìnyí, kí ó máa fa géèjì óìlì wò láràárọ̀ kó tó ṣíná, kó má jẹ́ kó lọ sílẹ̀ kọjá àmì ìsàlẹ̀. Tó bá wá rí èéfín aró lọ́jọ́ kan, kó dúró lójú ẹsẹ̀. Ẹ́ńjìnnì dísù kò nílò iná púlọ́ọ̀gì kó tó ṣiṣẹ́, tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í mu óìlì ara rẹ̀ látọ̀dọ̀ tọ́bò tó bàjẹ́, ẹ lè yí kọ́kọ́rọ́ pa kó má kú. Mo ti rí i rí lára ọkọ̀ akẹ́rù kan, igbe rẹ̀ lé gbogbo àwa tó wà níbẹ̀ sẹ́yìn, pákó ni ọ̀gá mi fi dí ẹnu ibi tó ti ń fa afẹ́fẹ́ kó tó dákẹ́.

Ohun tí mo lè ṣe rèé. Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ náà padà wá. Owó gáskẹ́ẹ̀tì nìkan lẹ máa san, a ò ní gba owó iṣẹ́, bíríídà sì di ọ̀fẹ́. Màá tú ẹnu tọ́bò lójú yín, ẹ lè mú mẹkáníìkì yín dání, kóun náà fọwọ́ mì í. Tí irin yẹn bá ń wọlé tó ń jáde, ₦25,000 yín á padà sọ́wọ́ yín lọ́jọ́ náà, màá sì bá yín lọ sí Ararọ̀mí láti bá yín ṣa tọ́bò Tòkunbọ̀ tó dáa, láìgba kọ́bọ̀ lórí rẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, a máa ń tì í fún Jímọ́ọ̀, torí náà àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ló dáa jù, láti aago 8. Ẹ jọ̀ọ́, kí dírẹ́bà má fọ abẹ́ rẹ̀ kó tó gbé e wá, bí óìlì yẹn ṣe ń kán ni mo fẹ́ bá a.