Kì í ṣe Àríkẹ́ nìkan ló ju bọ́ọ̀lù yẹn

Bí fídíò bọ́ọ̀lù básíkẹ́ẹ̀tì tí Àríkẹ́ Ògúnbọ̀wálé jù lọ́dún 2018 bá ti tún yọjú, kíá làwa Yorùbá máa ń sọ pé "ọmọ wa ni!" Ọmọ wa ni lóòótọ́. Milwaukee ni wọ́n bí i sí, Nàìjíríà sì ni bàbá rẹ̀ ti lọ. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, orúkọ la fi sí i, Yunifásítì Notre Dame ní Amẹ́ríkà ló ṣe iṣẹ́ tó kù.

Ọdún 1972 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gba obìnrin tó fẹ́ gboyè àkọ́kọ́ wọlé níbẹ̀. Nígbà tó fi máa di 1977, àwọn obìnrin ti ní ẹgbẹ́ básíkẹ́ẹ̀tì tí iléèwé fọwọ́ sí. Lọ́dún 1987 ni Muffet McGraw di kóòṣì wọn, kò sì kúrò níbẹ̀ títí tó fi fẹ̀yìn tì lọ́dún 2020. Ó gba ife àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà lọ́dún 2001, wọ́n fi 68 sí 66 na Yunifásítì Purdue. Ẹ wá gbọ́ èyí tó tẹ̀ lé e: wọ́n dé àṣekágbá ní 2011, 2012, 2014 àti 2015, wọ́n sì fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Nílé wa níbí, àṣekágbá kejì ni wọn ì bá ti ní kí ìyá náà máa lọ (bí wọ́n bá tiẹ̀ dúró dìgbà yẹn).

Òun ló ṣì wà nídìí ẹ̀ ní 2018, tí mẹ́rin nínú àwọn ọmọ rẹ̀ fi orúnkún ṣèṣe ní sáà kan ṣoṣo. Níbi tó kángun sí àṣekágbá, Àríkẹ́ ju bọ́ọ̀lù kan tó fi lé Yunifásítì Connecticut (UConn) lọ sílé, 91 sí 89, nígbà tó ku ìṣẹ́jú àáyá kan. Ọjọ́ kejì ẹ̀, wọn ò gbá, wọ́n sinmi. Ọjọ́ kẹta, ìyẹn ọjọ́ Àjíǹde gan-an, ni àṣekágbá! Mississippi State ti fi àmì 15 ṣáájú wọn kí wọ́n tó lé wọn bá, kí Àríkẹ́ tó tún ju tiẹ̀: 61 sí 58.

Fídíò àṣekágbá ti 2019 ńkọ́? Ìyẹn kì í rìn. Wọ́n fún Àríkẹ́ ní bọ́ọ̀lù ọ̀fẹ́ méjì nígbà tí Yunifásítì Baylor fi àmì méjì ṣáájú, àkọ́kọ́ kò wọlé. Ó wá fẹ́ mọ̀ọ́mọ̀ ṣi èkejì jù kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lè já a gbà, kí wọ́n sì tún un jù, ìyẹn ló wá wọlé! Baylor gbé ife lọ, 82 sí 81. Síbẹ̀, nígbà tó fi jáde níbẹ̀, kò sí ẹni tó tíì gba àmì tó o rí nínú ìtàn ẹgbẹ́ náà: 2,626. Nígbà tí McGraw sì fẹ̀yìn tì, Niele Ivey tó gbá bọ́ọ̀lù fún un ní 2001 ni wọ́n fa ẹgbẹ́ náà lé lọ́wọ́.

D'Tigress wa, ìyẹn ẹgbẹ́ básíkẹ́ẹ̀tì àwọn obìnrin Nàìjíríà, gba ife Áfíríkà ní 2017, 2019, 2021, 2023 àti 2025. A jó, a yọ̀. Yunifásítì Amẹ́ríkà ni ọ̀pọ̀ wọn ti gbá bọ́ọ̀lù. Yunifásítì Nàìjíríà tó ti fi kóòṣì obìnrin kan ṣoṣo sípò fún ọdún mẹ́wàá péré, tó sì ń náwó lé ẹgbẹ́ rẹ̀ lórí, ẹ bá mi dárúkọ ọ̀kan nísàlẹ̀ yìí.