Ọwọ́ wọn ni mo ti kọ́ ìjàkadì

Mo ka ìròyìn yín nípa kóòṣì ìjàkadì tó fẹ̀yìntì l'Ákùúrẹ́, mi ò sì lè kọjá láìsọ̀rọ̀. Bàbá yìí ló kọ́ mi. Ẹ ka àmì-ẹ̀yẹ tí àwọn ọmọ wọn gbà, ó dáa bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹ ò sọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ni.

Ní oṣù àkọ́kọ́, wọn ò jẹ́ kí n di ẹnikẹ́ni mú. Bí èèyàn ṣe ń ṣubú nìkan la ń kọ́: ká àgbọ̀n mọ́ àyà, kí orí má baà gbá ilẹ̀. Inú máa ń bí mi. Àfìgbà tí ẹnìkan gbé mi sókè tó là mí mọ́lẹ̀ níbi ìdíje, tí mo sì dìde láìfarapa, ni ó tó yé mi. Máàtì tá à ń lò nígbà yẹn ti ya. Bàbá fúnra wọn ló ń fi abẹ́rẹ́ àti okùn rán an. "Èjìká!" ni wọ́n máa ń pariwo ṣáá, torí bí èjìká méjèèjì bá kanlẹ̀ pẹ́nrẹ́n, ìjà parí, bó o tiẹ̀ fi máàkì 9 ṣíwájú.

Ọmọ ìpínlẹ̀ Oǹdó ni Odunayo Adekuoroye, obìnrin oníjàkadì tó gba góòlù ìdíje Commonwealth ní 2014, 2018 àti 2022. A mọ̀ ọ́n, ó sì tọ́ sí i. Ta ló mọ àwọn tó ń fọn fèrè ní kùtùkùtù fún àwọn ọmọ tí kò tíì lórúkọ?

Ẹ̀yin aláṣẹ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí owó ìfẹ̀yìntì wọn falẹ̀. Bàbá, ẹ ṣeun. Ọrùn mi ṣì le.