Ẹni Tó Ni Ìkànnì Ni Kó Ni Kọ́kọ́rọ́ Rẹ̀

Rìsíìtì kan wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ni ilé-ìwé aládàáni, àwọn oníṣòwò àti àwọn ìjọ nílẹ̀ Yorùbá. Ohun tó máa ń wà lórí rẹ̀ kò ju ìlà kan lọ: "Ṣíṣe ìkànnì, domain àti hosting ọdún kan." Iye owó wà níbẹ̀, ọjọ́ wà níbẹ̀, wọ́n sì ti lu òǹtẹ̀ lé e pé owó ti pé. Ohun tí kò sí níbẹ̀ ni orúkọ ẹni tí wọ́n fi gba domain náà, ìyẹn orúkọ tí a ń tẹ̀ láti dé ìkànnì. Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀, àmọ́ kì í hàn lọ́dún àkọ́kọ́. Ó di ọdún kejì tàbí ìkẹta, nígbà tí ọmọkùnrin tó ṣe iṣẹ́ náà bá ti já pa lọ sí Kánádà, tí nọ́ńbà rẹ̀ kò lọ mọ́, tí àwọn òbí sì ń pe ilé-ìwé pé ìpolówó tẹ́tẹ́ làwọn ń bá níbi tó yẹ kí àwọn ti wo èsì ìdánwò.

Ohun tí a ní í sọ kò lọ́jú pọ̀: ẹni tó sanwó orúkọ ìkànnì ló ni ín. Ilé-iṣẹ́ tó bá ń fi orúkọ ara rẹ̀ gba domain oníbàárà ń ṣe ohun tí kò tọ́, kódà bí kò bá ní ìkà kankan nínú. A sì fẹ́ kí NiRA, àjọ tó ń bójú tó .ng, ìparí orúkọ ìkànnì ti Nàìjíríà, fi òfin dí ihò náà.

Ẹ má ṣì wá gbọ́ o. Àwọn ilé-iṣẹ́ wẹ́ẹ̀bù kéékèèké, ẹni méjì mẹ́ta nínú ṣọ́ọ̀bù kan ní Mọ́kọ́lá n'Íbàdàn tàbí l'Ákùúrẹ́, ló ń gbé ọ̀pọ̀ iṣẹ́ wa dé orí ayélujára. Wọ́n ń gba náírà, wọ́n ń gbé fóònù, wọ́n sì mọ ohun tí àjèjì kò mọ̀. Ẹ wo ọ̀rọ̀ kékeré bí ọ̀ṣọ́. Lẹ́tà mẹ́ta lojú wa rí, ṣùgbọ́n márùn-ún ni kọ̀ǹpútà kà: ọ, àmì ohùn ìsàlẹ̀, ṣ, ọ, àmì ohùn òkè. Ìdí ni pé Unicode, ètò tó ń fún lẹ́tà gbogbo èdè ní nọ́ńbà lórí kọ̀ǹpútà, fún lẹ́tà ọ ní ààyè tirẹ̀, ó fún ṣ ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò fún ọ tó ru àmì lórí ní ààyè kan ṣoṣo. Bí ẹni tó ṣe fọ́ọ̀mù ìforúkọsílẹ̀ bá fi database rẹ̀, ibi tí ìwífún ń wà, sílẹ̀ lórí latin1, ètò àtijọ́ tí kò mọ ọ̀pọ̀ lẹ́tà wa, ohun tí òbí tó tẹ ọ̀ṣọ́ yóò rí padà ni àmì ìbéèrè márùn-ún tò tẹ̀lé ara wọn. Bí ó bá sì kọ ọ́ pé A sí Z nìkan ni àlàfo orúkọ ń gbà, Ṣọlá kò lè wọlé pẹ̀lú orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́.

Ìṣòro kan tún wà tó fara sin ju ìyẹn lọ. Àwọn kíbọọ̀dù kan ń kọ lẹ́tà ọ bí ẹyọ kan, àwọn mìíràn ń kọ o tí wọ́n á wá fi àmì abẹ́ rẹ̀ lé e lẹ́yìn. Méjèèjì rí bákan náà lójú, ṣùgbọ́n bí akọ̀wé ilé-ìwé bá fi ọ̀kan wá orúkọ ọmọ tí wọ́n fi èkejì kọ sórí ìkànnì, ẹ̀rọ á ní kò sí irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Oògùn rẹ̀ ni kí a yí gbogbo ọ̀rọ̀, àti èyí tí a ń wá, sí NFC, ìlànà Unicode tó ń so o àti àmì abẹ́ rẹ̀ di ẹyọ kan, kí ó tó dé database. Ìlà kóòdù kan ni. Ẹni tí ń kọ Yorùbá lójoojúmọ́ ni yóò rántí láti fi í sí i. Nítorí irú nǹkan báyìí la ṣe fẹ́ kí ilé-iṣẹ́ kékeré wa gbèrú, nítorí rẹ̀ náà la kò ṣe fẹ́ kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ domain ba orúkọ ara wọn jẹ́.

Ọ̀nà tí orúkọ fi ń bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn rèé. .ng ti wà láti 1995. NiRA ló ń bójú tó o, ṣùgbọ́n àwọn registrar tí NiRA fún láṣẹ ló ń tà á. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ kékeré kì í ṣe registrar. Wọ́n ń rà á lọ́wọ́ registrar ni láti tà á fún oníbàárà. Fọ́ọ̀mù ìforúkọsílẹ̀ máa ń béèrè oríṣi ẹni mẹ́rin: registrant, admin (alábòójútó), technical àti billing (ẹni tó ń sanwó). Registrant ni onílé. Technical ni bíríkìlà. Àmọ́ àkáǹtì kan ṣoṣo ni oníṣẹ́ ní lọ́dọ̀ registrar, ó ń ra domain ogún oníbàárà lórí rẹ̀, àkáǹtì náà á sì fi orúkọ àti ímeèlì oníṣẹ́ dí àlàfo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fúnra rẹ̀. Ọwọ́ oníṣẹ́ yá, ó tẹ̀ ẹ́ kọjá, ó di pé bíríkìlà ni onílé. Kò sí olè kankan nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Ìkánjú ni.

Ìkánjú náà ló ń pa ni lára nígbà tí ọdún bá pé. Fún .com, òfin ICANN, àjọ tó ń ṣètò orúkọ ìkànnì lágbàáyé, sọ pé registrar gbọ́dọ̀ kìlọ̀ lẹ́ẹ̀mejì ṣáájú ọjọ́ tí domain yóò parí: nígbà tó bá ku nǹkan bí oṣù kan, àti nígbà tó bá ku nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan. Ta ni ìkìlọ̀ náà ń lọ bá? Registrant. Bí ímeèlì oníṣẹ́ bá wà níbẹ̀, tí oníṣẹ́ sì ti lọ, ìkìlọ̀ bọ́ sínú kànga. Àwọn oníbàárà kan tiẹ̀ fi ímeèlì tiwọn síbẹ̀ nítòótọ́, ṣùgbọ́n ímeèlì tó wà lórí domain kan náà ni. Ọjọ́ tí domain bá kú, ímeèlì bá a kú, ìkìlọ̀ tó kẹ́yìn kò sì ríbi wọlé. Gmail tàbí ímeèlì mìíràn tí kò so mọ́ domain yẹn ni kí ẹ lò.

Lẹ́yìn tí ọdún .com bá parí, registrar lè fún ni láàyè títí di ọjọ́ 45 láti san owó rẹ̀, ṣùgbọ́n kò pọn dandan fún un, àwọn mìíràn kì í dúró tó bẹ́ẹ̀. Tí wọ́n bá ti pa á rẹ́, ọjọ́ 30 wà tí a ṣì lè rà á padà, àmọ́ owó ìràpadà náà máa ń ju owó ọdún kan lọ dáadáa. Ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn ìyẹn, ó di ti ẹni tó bá kọ́kọ́ mú un. Ẹ̀rọ ni àwọn oníṣòwò orúkọ fi ń ṣọ́ ọ, wọn kì í sùn. Orúkọ tó ti pẹ́, tí Google ti mọ̀, tí àwọn èèyàn ti ń tẹ̀, ni wọ́n fẹ́ràn jù, torí òǹwòran ti wà nílẹ̀ tí wọ́n lè fi tẹ́tẹ́ hàn. Bí ìpolówó tẹ́tẹ́ ṣe ń dé orí ìkànnì ilé-ìwé nìyẹn.

Òfin ICANN tún sọ pé bí registrant bá béèrè kóòdù tí a fi ń gbé domain lọ sọ́dọ̀ registrar mìíràn, wọ́n gbọ́dọ̀ fún un láàárín ọjọ́ márùn-ún. Òfin tó dára ni, registrant nìkan ló sì ń dáàbò bò. Bí orúkọ yín kò bá sí níbẹ̀, òfin kò mọ̀ yín rí. Ẹ lè kó rìsíìtì ọdún mẹ́wàá jọ, ẹni tó wà nínú ìwé ni wọn yóò dá lóhùn.

Àwọn oníṣẹ́ ní àwíjàre tiwọn, kò sì yẹ ká fojú di í. Oníbàárà á san ìdajì, á gba ìkànnì, á sì máa sọ pé kí wọ́n padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Domain tó wà lọ́wọ́ oníṣẹ́ ni ohun ìdógò kan ṣoṣo tó ní. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n, ẹ̀yin oníṣẹ́, iṣẹ́ ni kí ẹ fi ṣe ìdógò. Ẹ kọ́ ìkànnì náà sórí àdírẹ́sì ìdánwò ti ilé-iṣẹ́ yín. Ẹ gba ìdá ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ọgbọ̀n nígbà tí oníbàárà bá ti wò ó tó sì tẹ́ ẹ lọ́rùn, mẹ́wàá tó kù lọ́jọ́ tí ẹ bá gbé e sórí orúkọ tirẹ̀. Domain ní tirẹ̀, owó oníbàárà ni kí ẹ fi rà á lọ́jọ́ tí ẹ bá fọwọ́ sí àdéhùn, lórí àkáǹtì tí ẹ bá a ṣí. Ẹni tó jẹ yín lówó jẹ yín lówó ni, gbèsè kì í gba orúkọ lọ́wọ́ ọmọ.

Ọ̀rọ̀ owó náà ní ibi tó ti ń dun oníṣẹ́ gan-an. Láti oṣù kẹfà 2023 tí ìjọba ti tú náírà sílẹ̀ lọ́jà, dọ́là kan tó wà ní nǹkan bí 460 náírà ti kọjá 1,500 ní 2024, bẹ́ẹ̀ dọ́là ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ni server, kọ̀ǹpútà tí ìkànnì ń gbé lórí rẹ̀, fi ń gba owó. Ẹni tó bá ṣì ń polówó hosting "títí láé" fún owó ẹ̀ẹ̀kan, ẹ sá fún un. Háyà àyè lórí server ni hosting, ọdọọdún là ń san háyà. Kí owó domain dá wà lórí rìsíìtì, kí owó hosting dá wà, kí ọjọ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò parí hàn gbangba. Ẹni tí dọ́là bá sì ń dà láàmú, owó náírà ni wọ́n ń san fún .com.ng, àwọn ilé-ìwé girama sì ní .sch.ng tiwọn.

Domain nìkan kọ́ ni kọ́kọ́rọ́. Ẹ̀dà ìkànnì náà wà lára rẹ̀. Fún ìkànnì WordPress, ètò tí ọ̀pọ̀ fi ń kọ́ ìkànnì, nǹkan méjì ni ẹ̀dà: fáìlì database, èyí tí gbogbo ọ̀rọ̀ wà nínú rẹ̀, àti fódà wp-content, níbi tí àwòrán àti ẹwà ojú ìkànnì wà. Ọ̀kan láìsí èkejì, ilé tí kò ní òrùlé ni. Àṣìṣe tí a ń rí jù ni pé orí server kan náà ni wọ́n ń kó ẹ̀dà sí. Ọjọ́ tí server bá lọ, ó gbé ẹ̀dà lọ pẹ̀lú. Èyí tó tẹ̀ lé e ni pé kò sẹ́ni tó ṣí i wò rí. Disk ti kún láti oṣù mẹ́fà, ẹ̀rọ ń ṣe zip, fáìlì tí ẹ̀dà wà nínú rẹ̀, lóòótọ́, àmọ́ 0 KB ni zip náà, òfìfo ni. Kí oníṣẹ́ máa fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí Google Drive oníbàárà lóṣooṣù, kí ó sì gbé e dìde níbòmíràn lẹ́ẹ̀kan ní sáà ìwé kọ̀ọ̀kan láti rí i pé ó ń ṣiṣẹ́. Bí oníṣẹ́ bá sì ń fi theme, ìyẹn ẹwà ojú ìkànnì, tí wọ́n jí kọ́ ìkànnì láti fi dín owó kù, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ti wà nínú ilé kí onílé tó kó wọlé.

Kí oníbàárà tún béèrè ibi tí server wà. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta 2024, nígbà tí àwọn wáyà abẹ́ òkun WACS, MainOne, ACE àti SAT-3 já nítòsí Abidjan, àwọn ìkànnì wa tó ń gbé ní Yúróòpù di àwátì fún ọ̀pọ̀ èèyàn nílé. Èyí tó bá wà lórí server ní Èkó, tí ìrìn rẹ̀ ń gba IXPN, ibi tí àwọn nẹ́tíwọ̀ọ̀kì Nàìjíríà ti ń pàdé, kò ní òkun kankan láti sọdá kó tó dé ọ̀dọ̀ òǹkàwé ní Ìbàdàn.

Fún àwọn tó bá ń gba orúkọ ọmọ, ọjọ́ ìbí àti nọ́ńbà òbí lórí ìkànnì, òfin ààbò ìwífún ti 2023 ti kúrò ní ọ̀rọ̀ àsọnù. Ilé-ìwé ni òfin dá mọ̀ bí ẹni tó ni ẹrù. Ẹni tó ń bá a gbé e ni ilé-iṣẹ́ wẹ́ẹ̀bù. Bí ìwífún bá jò lọ́nà tó lè pa àwọn èèyàn lára, wákàtí 72 ni ilé-ìwé ní láti fi tó NDPC, àjọ tó ń bójú tó òfin náà, létí. Ilé-ìwé tí kò ní password database tirẹ̀, tí oníṣẹ́ rẹ̀ kò sì gbé fóònù, báwo ni yóò ṣe mọ ohun tó jò?

Ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ NiRA kò gba owó púpọ̀. Kí wọ́n fi í sínú àdéhùn registrar pé bí a bá ra domain fún ẹlòmíràn, àkáǹtì kò gbọ́dọ̀ fi orúkọ aláròóbọ̀ dí àlàfo registrant fúnra rẹ̀. Kí òǹrajà tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Kí ọ̀rọ̀ kan lọ tààrà sórí fóònù registrant lọ́jọ́ tí wọ́n bá gba orúkọ náà, àti oṣù kan kí ó tó parí: SMS ni, kì í ṣe ímeèlì nìkan. Kí ọ̀nà sì wà tí ẹni tó ní rìsíìtì àti ìwé CAC tó bá orúkọ mu yóò fi gbé ẹjọ́ rẹ̀ wá láì gba lọ́yà.

Kí NiRA tó dáhùn, ẹ ṣe tiyín lónìí. Ẹ lọ sí lookup.icann.org fún .com, tàbí ibi ìwádìí orúkọ lórí ìkànnì NiRA fún .ng, kí ẹ tẹ orúkọ ìkànnì yín. Ẹ wo registrant, ẹ wo ọjọ́ tí yóò parí. Bí wọ́n bá ti bo orúkọ registrant nítorí àṣírí, bí ó ṣe máa ń rí lórí .com láti 2018, ẹ ní kí oníṣẹ́ ya àwòrán ojú àkáǹtì náà kó fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ fún un. Bí ó bá ní ó di ọ̀la, ẹ kọ ọjọ́ náà sílẹ̀.