Owó Oṣù Ni Wọ́n Ń San Fún Wa, Owó Ọdún Ni Èkó Ń Gbà

Ẹnu dùn ún ròfọ́. Ẹnikẹ́ni tó bá tún sọ létí mi pé ₦300,000 lóṣù ti tó tọkọtaya àti ọmọ méjì gbé Èkó nírọ̀rùn, kó kọ́kọ́ sọ àdúgbò tó ń gbé fún mi. Kó sọ ẹni tó ń san owó ilé rẹ̀. Kó sọ ìgbà tó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ ọjà Mile 12 gbẹ̀yìn. Mo ti ṣàkíyèsí wọn dáadáa: àwọn tó ń sọ ọ́ jù lọ, nínú ilé bàbá wọn ni wọ́n wà, àbí iléeṣẹ́ ló gba ilé fún wọn. Àwọn ló wá ń kọ́ àwa tá à ń sanwó bá a ṣe ń ṣọ́wó ná. Inú ń bí mi, mi ò sì fẹ́ fi bò.

Ohun tí wọn kì í kà mọ́ ìṣirò wọn ni pé owó oṣù ni wọ́n ń san fún òṣìṣẹ́, ṣùgbọ́n Èkó kì í gba owó tirẹ̀ lóṣooṣù. Owó ọdún kan gbáko ni onílé ń gbà, kó o tó gbé ẹní wọlé. Owó sáà kan gbáko ni iléèwé ń gbà, kí ọmọ tó jókòó. O lè pín in sí ọ̀nà méjìlá lórí ìwé, kó sì dà bíi pé apá ń ká a. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ní kó o mú un wá, wọn ò ní bá ẹ pín in.

Bàbá onílé wa àkọ́kọ́ ní ká máa lọ, pé ọmọ àwọn ń ti òkè òkun bọ̀ wá gbé ibẹ̀. A ò bá wọn jiyàn, àgbàlagbà ni wọ́n. A ò tíì tú ẹrù wa tán níbi tá a kó lọ tí ajẹ́ńtì fi gbé ilé náà síta ní ìlọ́po méjì owó tí àwa ń san. Ọmọ kankan kò ti ibì kankan bọ̀. Àdúgbò Ògbà la ti rí òmíràn lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ìrìnkèrindò, lẹ́yìn tí oríṣiríṣi ajẹ́ńtì ti gba owó ìyẹ̀wò lọ́wọ́ wa láti fi ilé tí ẹlòmíràn ti san owó rẹ̀ hàn wá. Yàrá méjì àti pálọ̀, lókè pátápátá, omi rẹ̀ pupa bí omi inú irin tó dógùn-ún: ₦2,500,000 lọ́dún. Ajẹ́ńtì gba ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, ₦250,000. Lọ́yà gba iye kan náà fún àgírímẹ́ǹtì, ìwé olójú mẹ́ta kan tó jẹ́ pé orúkọ ẹni tó gbé ibẹ̀ kúrò ni wọ́n pa rẹ́ tí wọ́n fi tiwa sí i. Bí mo ṣe mọ̀ ni pé wọ́n gbàgbé láti pa á rẹ́ lójú kejì. ₦250,000 fún ìyẹn! Owó kọ́ṣọ̀n, èyí tí onílé ń dì mú nítorí ohun tí ayálégbé bá bà jẹ́, tún jẹ́ ₦250,000. Gbogbo rẹ̀ di ₦3,250,000, a ò tíì ra gílóòbù kan sílé.

Ẹ jẹ́ ká wá gbé owó yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ owó tí òfin ní kí òṣìṣẹ́ máa gbà. Ní oṣù Keje 2024 ni ìjọba àpapọ̀ sọ owó oṣù tó kéré jù lọ di ₦70,000. Ìjọba Èkó gbé tiwọn dé ₦85,000. Tọkọtaya tí àwọn méjèèjì bá ń gba ₦85,000 yóò gba ₦2,040,000 lódindi ọdún. Kí wọ́n má jẹun o, kí wọ́n má wọ ọkọ̀, kí àìsàn má ṣe wọ́n, wọn ò lè san owó yàrá méjì l'Ógbà. Wọ́n á ṣì jẹ gbèsè ₦460,000, láìtíì dárúkọ ajẹ́ńtì. Àwọn wọ̀nyí ló ń gbálẹ̀ títì, àwọn ló ń ṣọ́ géètì, ọ̀pọ̀ tíṣà iléèwé aládàáni kò tilẹ̀ rí iye yẹn gbà. Ibo la fẹ́ kí wọ́n sùn?

Wọ́n á ní kí ẹni tí kò lágbára Èkó kó lọ sí Mọ́wé, sí Ìbàfò, sí Ọ̀tà. Ìpínlẹ̀ Ògùn nìyẹn. Lóòótọ́, owó ilé dínkù níbẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kò bá wọn kó lọ. Àbúrò ọkọ mi gbà wọ́n gbọ́, ó kó lọ sí Mọ́wé. Kí ìdájí tó mọ́ ló ti ń dúró létí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, òru ló sì ń wọlé. Ohun tó rí dín kù lára owó ilé ti bọ́ sọ́wọ́ oní-dánfó. Rélùwéè aláwọ̀ pupa tí wọ́n ṣí ní oṣù Kẹwàá 2024 ń ran àwọn ará Agbádo sí Oyíngbò lọ́wọ́, mo yìn wọ́n fún ìyẹn. Kò dé Mọ́wé.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ náà kúrò ní kékeré. Ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2023, ọjọ́ tí wọ́n búra fún Ààrẹ Tinubu, ni wọ́n kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti tán. Epo tí à ń rà ní ohun tí kò tó ₦200 fún lítà kan fò súnmọ́ ₦500 láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ní oṣù Keje ọdún náà ó ti kọjá ₦550. Nígbà tó fi máa di òpin 2024 ó ti ń du ₦1,000 l'Ékòó. Ẹ̀yin náà sì mọ ìwà àwọn kọ̀ńdọ́kítọ̀: bí epo bá gbówó lórí láàárọ̀, ọ̀sán ni wọ́n fi kún owó ọkọ̀, bí epo bá wálẹ̀, wọ́n á ní ìyẹn kò kàn wọ́n. Láti Ògbà dé Màríńà, owó ọkọ̀ mi nìkan ń lọ bíi ₦90,000 lóṣù. Owó oṣù tó kéré jù lọ ní Ìpínlẹ̀ Èkó kò ní lè gbé mi lọ síbi iṣẹ́ kó gbé mi dé. Ikẹjà ni ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́ ní tirẹ̀, ó kàn fi ìdajì dín sí tèmi.

Iná ńkọ́? Oṣù Kẹrin 2024 ni wọ́n gbé owó iná àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tí wọ́n ní iná wọn ń pẹ́ jù lọ, láti nǹkan bíi ₦68 lọ sí ₦225 fún yúníìtì kan. Wọ́n padà dín in díẹ̀, ó dúró sí ₦209.50. Wọ́n ní wákàtí ogún ni iná yóò máa wà lójúmọ́. Àdúgbò wa wà ní Band A, mo sì ń pa fíríìjì mi lálẹ́ torí mítà ń sáré. Bí iná bá lọ, ká tan jẹnẹrétọ̀, epo yẹn kan náà. Omi ìjọba kò sí, kànga ẹ̀rọ ni à ń lò, àwa ayálégbé la ń dáwó tún pọ́ǹpù rẹ̀ ṣe. Olùṣọ́ àdúgbò, àwa là ń sanwó rẹ̀. Kòtò tó wà níwájú ilé, àwa la dáwó ra òkúta dí i. Ìjọba ìbílẹ̀ 20 ló wà l'Ékòó nínú ìwé òfin, wọ́n tún dá 37 kéékèèké kún un, síbẹ̀ ilé kọ̀ọ̀kan ló ń ṣe ìjọba ara rẹ̀. Ìyẹn kò sí nínú ₦300,000 tí ẹ̀ ń pariwo.

Ọmọ wa kejì ní ásímà. Iléeṣẹ́ ńlá tó ń kó ínhélà tí ọmọ náà máa ń fà símú wọlé kéde ní 2023 pé òun ń fi Nàìjíríà sílẹ̀, ọdún yẹn kan náà ni ìjọba tú okùn lọ́rùn náírà, pé kí ọjà máa sọ iye rẹ̀, tí dọ́là tí kò tó ₦500 fi kọjá ₦1,500 kí 2024 tó parí. Ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí nínú ilé wa ni pé oògùn tí mo máa ń rà láì ro ó lẹ́ẹ̀mejì ti di ohun tí mo ń fi owó pamọ́ dè. Mi ò lè sọ fún ọmọ kó má mí títí owó oṣù á fi wọlé. Ẹni bá ń ṣe ìṣirò ìrọ̀rùn Èkó, kó ka èyí náà mọ́ ọn, torí kò sí ilé tí kò ní tiẹ̀: ìyá tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, bàbá tó ní ìtọ̀ ṣúgà, àbúrò tó wà ní yunifásítì.

Ẹ wá wo bí gbogbo rẹ̀ ṣe ń pàdé. Oṣù Kẹsàn-án ni owó ilé wa ń pé. Oṣù Kẹsàn-án náà ni iléèwé ń wọlé: ₦180,000 fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, ₦360,000 fún àwọn méjèèjì, ìwé àti yúnífọ́ọ̀mù ò sí nínú rẹ̀. Kò sí òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń san mílíọ̀nù mẹ́ta fún lẹ́ẹ̀kan náà nínú oṣù Kẹsàn-án. Nítorí náà, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ibi iṣẹ́ mi la ti ń yá a, wọ́n sì ń yọ ọ́ lára owó mi lóṣooṣù títí ọdún fi ń yípo. Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn mí jù nìyí: owó ilé èṣí la ṣì ń san lọ́wọ́ nígbà tí tọdún yìí bá ti kan ilẹ̀kùn. A kì í ní owó oṣù kankan tó jẹ́ tiwa. Àwọn tí kò ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ń bọ́ sọ́wọ́ àwọn ayánilówó orí fóònù, àwọn tó máa ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ìtìjú ránṣẹ́ sí ọ̀gá ẹni àti àna ẹni.

Òfin sì wà o. Ọdún 2011, nígbà Gómìnà Fáṣọlá, ni wọ́n ṣe òfin ayálégbé Èkó. Ó ní onílé kò gbọdọ̀ gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Ó ní ẹni tó bá rú u yóò san ₦100,000 tàbí kó lọ sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́ta. Ó ní bí onílé bá gba owó ìtọ́jú ilé tàbí owó kọ́ṣọ̀n, kó fúnni ní rìsíìtì tirẹ̀ lọ́tọ̀, kó sì máa ṣírò bó ṣe ná an fún ayálégbé ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà. Síbẹ̀ owó ọdún méjì ni wọ́n ń bèèrè ní gbangba, ní àwọn ilé kan tá a wò. Mi ò mọ ayálégbé kan tí wọ́n ti ṣe ìṣirò kankan fún rí. Òfin ọ̀hún kò tilẹ̀ kan Ìkòyí, Victoria Island, Àpápá àti GRA Ikẹjà, ibi tí owó pọ̀ sí jù. Onílé tó gba owó ọdún méjì lẹ́ẹ̀kan náà, ₦100,000 ni òfin ní kó san, ajẹ́ńtì á rí ìyẹn lórí ìyẹ̀wò nìkan.

Mo gbọ́ àwíjàre àwọn onílé. Símẹ́ǹtì ti wọ́n, irin ti wọ́n, ayálégbé kan wà tí kò ní san, tí ẹjọ́ rẹ̀ á sì falẹ̀ ní kóòtù. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ilé tí a ń gbé yìí, kí wọ́n tó bí mi ni wọ́n ti kọ́ ọ. Símẹ́ǹtì wo ló wọ́n lára rẹ̀? Kódà ọ̀dà kò kàn án láti ìgbà tí a ti débẹ̀.

Ẹnì kan lè ní kí n dárúkọ iye tó lè gbé ìdílé ẹlẹ́ni mẹ́rin, láàárín gbùngbùn Èkó, láìsí Lẹ́kí, láìsí Ìkòyí. Mo ti kọ tiwa sílẹ̀: ilé, iléèwé, ọkọ̀, oúnjẹ tó ń lọ bíi ₦230,000, iná, gáàsì àti epo, oògùn, dátà, àti ₦50,000 tí à ń pín fún àwọn òbí wa l'Óṣogbo. Ó ń lọ sí ₦850,000 lóṣù. Aṣọ kan kò sí nínú rẹ̀. Ìpamọ́ kò sí. Ẹnikẹ́ni kò kú, ẹnikẹ́ni kò ṣègbéyàwó. Ní tèmi, ìdílé tí kò bá rí ₦1,200,000 lọ́wọ́ lóṣù lẹ́yìn owó orí kò tíì débi tí wọ́n ń pè ní ìrọ̀rùn nílùú yìí, kì í sì í ṣe ọrọ̀ ni mo ń sọ o. Kí ènìyàn ṣáà lè sùn nínú oṣù Kẹjọ láìro oṣù Kẹsàn-án ni. Àpapọ̀ owó èmi àti ọkọ mi kò tó o, a sì kàwé, a sì ń ṣiṣẹ́ láti òwúrọ̀ dalẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má pè wá ní ọ̀lẹ.

Lẹ́tà tuntun ti dé láti ọ̀dọ̀ onílé báyìí. ₦3,500,000 láti oṣù Kẹsàn-án, pẹ̀lú owó àgírímẹ́ǹtì tuntun lórí ilé tí a ti wà tẹ́lẹ̀. Òfin 2011 yẹn fún ayálégbé láyè láti lọ sọ fún kóòtù pé àfikún owó ilé ti kọjá ààlà. Mo ti ka ibẹ̀ fún àwọn ará ilé wa, láti ìsàlẹ̀ dókè, gbogbo wa sì ti fọwọ́ sí ìwé pé a ń lọ sí kóòtù. Ẹnì kan ti wá bá ọkọ mi lábẹ́lẹ̀ pé ká ṣe pẹ̀lẹ́, pé Bàbá onílé á bínú. Kí wọ́n bínú. Èmi ti ń bínú ṣáájú wọn.