Ta Ló Ní Iṣẹ́ Kọ́múníìsì Ni Kí Ìjọba Dá Sí Ọ̀rọ̀ Ìwòsàn?

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo máa ń gbọ́ ṣáá nígbàkigbà táwọn èèyàn bá ti ń jiyàn lórí ètò ìlera, pàápàá ti Amẹ́ríkà tí gbogbo ayé máa ń bá wọn dá sí. Wọ́n á ní kí ìjọba máa ṣètò báwọn aráàlú á ṣe máa gba ìtọ́jú, iṣẹ́ kọ́múníìsì ni, àwọn tí ò gba Ọlọ́run gbọ́ ló gbé e dé, ẹni tó bá wá jẹ́ Kristẹni tòótọ́ tàbí Mùsùlùmí òdodo ò gbọdọ̀ tì í lẹ́yìn. Àwọn míì á tiẹ̀ fi ẹsẹ Bíbélì kún un. Àwọn tó kàwé dáadáa ló ń sọ ọ́ o, tọkàntọkàn sì ni, ìyẹn ló jẹ́ kí n ní ó yẹ ká jókòó tì í ká yẹ̀ ẹ́ wò, torí kì í ṣe òótọ́, kò tiẹ̀ fara pẹ́ òótọ́ rárá.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ ẹni tó kọ́kọ́ ṣe é. Orílẹ̀-èdè tó kọ́kọ́ fi òfin gbé ìnṣọ́ránsì ìlera kalẹ̀ fáwọn òṣìṣẹ́ jákèjádò ìlú ni Jámánì, lọ́dún 1883, ẹni tó sì wà nídìí ẹ̀ ni Otto von Bismarck tó jẹ́ olórí ìjọba wọn nígbà yẹn. Ta ni Bismarck? Ọmọ onílẹ̀ ńlá ni, ọmọ ìjọ Luther, èèyàn ọba ni tọkàntara, ó sì kórìíra àwọn sóṣíálíìsì, ìyẹn àwọn tó fẹ́ kí ohun ìní ìlú wà lọ́wọ́ gbogbo aráàlú, débi pé lọ́dún 1878 òun ló wà lẹ́yìn òfin tó de ẹgbẹ́ wọn, tí wọ́n ń ti ìwé ìròyìn wọn pa, tí wọ́n ń tú ìpàdé wọn ká. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn ìyẹn ni òfin ìlera dé, ara ohun tó sì wà lọ́kàn ẹ̀ ni pé káwọn òṣìṣẹ́ má lọ sá tẹ̀ lé àwọn sóṣíálíìsì yẹn. Nígbà tí wọ́n wá dìbò lé e lórí nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin, àwọn sóṣíálíìsì gan-an ló dìbò pé àwọn ò fẹ́. Bismarck fúnra ẹ̀ sọ pé ẹ̀sìn Kristẹni tó hàn nínú iṣẹ́ ni irú ètò bẹ́ẹ̀.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí: òṣìṣẹ́ á san ìdá méjì nínú mẹ́ta owó náà, ọ̀gá tó gbà á síṣẹ́ á san ìdá kan tó kù, owó yẹn á wọ àpò ẹgbẹ́ ìnṣọ́ránsì, tára òṣìṣẹ́ ò bá wá yá, ẹgbẹ́ á sanwó dókítà àti oògùn, wọ́n á tún máa fún un lówó tá á fi gbọ́ bùkátà títí dé ọ̀sẹ̀ 13. Òfin ni ìjọba ṣe, kì í ṣe pé ó sọ gbogbo dókítà di òṣìṣẹ́ ìjọba. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn dáadáa, torí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń bínú sí ọ̀rọ̀ yìí rò pé ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà téèyàn lè gbé e gbà. Títí dòní ni Jámánì ṣì ń lo ètò tó ti ibẹ̀ wá, àwọn dókítà tó dá dúró láyè ara wọn sì pọ̀ níbẹ̀ rẹpẹtẹ.

Ó yá, Kánádà ńkọ́? Ẹni tí wọ́n máa ń pè ní bàbá ètò ìlera wọn ni Tommy Douglas, pásítọ̀ ìjọ Onítẹ̀bọmi sì ni. Nígbà tó wà lọ́mọdé, àrùn wọ eegun ẹsẹ̀ ẹ̀ kan, kò jinná, àwọn òbí ẹ̀ ò lówó lọ́wọ́, àwọn dókítà ní Winnipeg sì ti ní àwọn máa gé ẹsẹ̀ ọ̀hún ni. Ọ̀gá oníṣẹ́ abẹ kan ló wá rí i, ó ní òun á ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́ táwọn òbí ẹ̀ bá lè gbà káwọn akẹ́kọ̀ọ́ òun dúró tì í kí wọ́n máa fi kẹ́kọ̀ọ́. Bí wọn ò ṣe gé ẹsẹ̀ ọmọ náà mọ́ nìyẹn. Ó dàgbà, ó di pásítọ̀ ní Weyburn ní ìpínlẹ̀ Saskatchewan, àsìkò tí ọ̀dá ń pa ohun ọ̀gbìn tówó sì dá láàárín ìlú ló bọ́ sí, ìyà táwọn àgbẹ̀ ìjọ ẹ̀ ń jẹ ṣojú ẹ̀ kòró. Ó wọ òṣèlú, ó di olórí ìjọba ìpínlẹ̀ yẹn lọ́dún 1944, ó sì sọ lẹ́yìn náà pé ohun tójú òun rí lórí ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ yẹn ló jẹ́ kóun gbà pé ẹsẹ̀ tàbí ẹ̀mí ọmọ kankan ò yẹ kó wà lọ́wọ́ bóyá àwọn òbí ẹ̀ rówó tàbí wọn ò rówó.

Mi ò ní fi èyí pamọ́ fún yín: ẹgbẹ́ òṣèlú ẹ̀, CCF, sóṣíálíìsì ni wọ́n. Ṣùgbọ́n J. S. Woodsworth tó kọ́kọ́ ṣe olórí ẹgbẹ́ náà, iṣẹ́ pásítọ̀ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì lòun náà ṣe kó tó dé ibẹ̀, orí àga ìwàásù ni àwọn méjèèjì ti kọ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n wá ń sọ nínú òṣèlú. Nígbà tí ètò náà sì bẹ̀rẹ̀ ní July 1, 1962, àwọn dókítà ló yarí, wọ́n daṣẹ́ sílẹ̀ fún ọjọ́ 23. Àlùfáà tó bá wọn pariwo wà o, ìyẹn ò ṣeé sẹ́. Ṣùgbọ́n ta ló wá ní kí gbogbo Kánádà tẹ̀ lé ohun tí Saskatchewan ṣe? Adájọ́ Emmett Hall ni, èèyàn ẹgbẹ́ òṣèlú Kọnsáfétíìfù, àwọn tí kì í ṣe sóṣíálíìsì rárá, tí olórí ìjọba Kọnsáfétíìfù, John Diefenbaker, fi ṣe olórí ìgbìmọ̀ tó wádìí ọ̀rọ̀ náà. Ọdún 1964 ni àbọ̀ ìwádìí wọn jáde, òfin sì tẹ̀ lé e lọ́dún 1966.

Ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ò ní gùn. Aneurin Bevan tó dá NHS, ètò ìlera ìjọba wọn, sílẹ̀ lọ́dún 1948 kì í ṣe ẹlẹ́sìn, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí. Ṣùgbọ́n William Temple, bíṣọ́ọ̀bù àgbà ìlú Canterbury nígbà ogun, wà lára àwọn tó ti ń wàásù tipẹ́ pé ojúṣe ìjọba ni láti tọ́jú aráàlú. Àwọn tó gbógun ti Bevan jù níbẹ̀ náà, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ni.

Níbo wá ni ọ̀rọ̀ kọ́múníìsì yìí ti wá? Ẹ fara balẹ̀ ka ibí yìí.

Ní November 1945, Ààrẹ Harry Truman, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi, gbé àbá lọ síwájú àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà pé kí wọ́n ṣe ìnṣọ́ránsì ìlera fún gbogbo ará ìlú. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà Amẹ́ríkà, AMA, ní àwọn ò gbà. Nígbà tí Truman tún wọlé ìbò lọ́dún 1948, ẹgbẹ́ yẹn ní kí ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan dá dọ́là 25, wọ́n sì gba tọkọtaya kan tó ń ṣe iṣẹ́ ìpolongo ìbò ní California, Clem Whitaker àti Leone Baxter, pé kí wọ́n bá àwọn ba àbá náà jẹ́. Àwọn wọ̀nyí mọṣẹ́. Wọ́n mú àwòrán kan tí Luke Fildes yà lọ́dún 1891, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí pósítà, wọ́n pín in káàkiri. Inú ilé tálákà ni ohun tó wà nínú àwòrán yẹn ti ṣẹlẹ̀: ọmọ kan sùn sórí àga méjì tí wọ́n fà pọ̀, dókítà jókòó tì í ó fọwọ́ lẹ́rán ó ń wò ó, ìyá ọmọ gbórí lé tábìlì lẹ́yìn lọ́hùn-ún, bàbá dúró ó gbọ́wọ́ lé e léjìká. Wọ́n wá kọ ọ́ sí i pé kí wọ́n má jẹ́ kí òṣèlú wọ inú àwòrán yìí. Ó wọ àwọn èèyàn lákínyẹmí ara. Èmi náà tí mo bá ń wò ó, ó máa ń dùn mí, àmọ́ ohun kan wà tí pósítà yẹn ò fẹ́ kéèyàn béèrè: ta ló máa sanwó dókítà yẹn nílé àwọn tálákà wọ̀nyí?

Ìyẹn nìkan kọ́. Wọ́n tún pín ìwé pélébé kan tí wọ́n kọ ọ́ sí pé Lenin fúnra ẹ̀ ló sọ pé ìwòsàn tó wà lábẹ́ ìjọba ni òkúta tó di ilé àwọn sóṣíálíìsì mú. Àwọn òṣìṣẹ́ Library of Congress, ilé ìkówèésí tó tóbi jù ní Amẹ́ríkà, wá ọ̀rọ̀ yẹn nínú ìwé Lenin títí, wọn ò rí i. Wọn ò rí i o! Ọ̀rọ̀ tẹ́nì kan ò rí ibi tí Lenin ti sọ ọ́ ni wọ́n fi dẹ́rù ba odindi orílẹ̀-èdè, àsìkò tí ìbẹ̀rù Rọ́ṣíà sì gbalẹ̀ kan ni, ta ló fẹ́ kí wọ́n pe òun ní kọ́múníìsì? Àbá Truman kú síbẹ̀. Lọ́dún 1961 ẹgbẹ́ dókítà yẹn tún gbé ìdẹ́rùbani yìí wá lọ́nà míì, ìyàwó àwọn dókítà ń pe ọ̀rẹ́ wá sílé wá mu kọfí, wọ́n á gbé rẹ́kọ́ọ̀dù kan sí i, ohùn Ronald Reagan tó ṣì ń ṣe eré sinimá nígbà yẹn ló wà nínú ẹ̀, ó ń kìlọ̀ pé ètò ìlera fáwọn àgbàlagbà máa gba òmìnira lọ́wọ́ wọn, lẹ́yìn náà wọ́n á jọ kọ lẹ́tà sáwọn aṣòfin. Medicare, ètò ìlera fáwọn àgbàlagbà ọ̀hún, di òfin bó ti wù kó rí, ní July 30, 1965, Truman tó ti dàgbà ni wọ́n sì fún ní káàdì àkọ́kọ́. Nígbà tí Reagan fúnra ẹ̀ di ààrẹ, ó lo ọdún mẹ́jọ, kò fagi lé Medicare, kódà òun ló fọwọ́ sí òfin 1986 tó ní ilé ìwòsàn tó ń gba owó Medicare tó sì ní yàra pàjáwìrì ò gbọdọ̀ lé ẹni tó dé síbẹ̀ torí pé kò lówó.

Ṣé ẹ wá rí i pé kì í ṣe inú ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí ni ọ̀rọ̀ yìí ti jáde. Ẹgbẹ́ tó ń jà fún iṣẹ́ ara ẹ̀ ló sanwó fún un, ẹ̀sìn kàn wá gbé e pọ̀n lẹ́yìn ni.

Ètò ìlera ti Ààrẹ Obama tó di òfin ní March 23, 2010 náà, òróró kan náà ni wọ́n dà sí i. Wọ́n ní ìgbìmọ̀ kan máa wà tá á máa pinnu ẹni tó máa kú, nígbà tó jẹ́ pé ohun tó wà nínú àbá ọ̀hún kò ju pé kí wọ́n sanwó fún dókítà tí aláìsàn bá fúnra ẹ̀ fẹ́ bá a sọ̀rọ̀ nípa irú ìtọ́jú tó máa fẹ́ lópin ayé ẹ̀. Òfin pé kí kálukú ra ìnṣọ́ránsì tí wọ́n bínú sí jù ńkọ́? Heritage Foundation, iléeṣẹ́ ìwádìí àwọn Kọnsáfétíìfù, ló ti gbé irú ẹ̀ jáde lọ́dún 1989, Mitt Romney tó ti ṣe olórí nínú ìjọ Mormon sì ti sọ ọ́ di òfin ní Massachusetts lọ́dún 2006. Nínú òfin ti Obama gan-an wọ́n yọ àwọn Amish, ìjọ Kristẹni kan tí kì í bá wọn ra ìnṣọ́ránsì, sílẹ̀, wọ́n yọ àwọn Kristẹni tó máa ń dáwó ìwòsàn jọ láàárín ara wọn náà sílẹ̀. Sístà Carol Keehan, obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ tó ń darí ẹgbẹ́ àwọn ilé ìwòsàn Kátólíìkì Amẹ́ríkà nígbà yẹn, ti òfin yẹn lẹ́yìn gbangba, ó sì wà lára àwọn tó gba ọ̀kan nínú bírò tí Obama fi buwọ́ lù ú. Àwọn bíṣọ́ọ̀bù ò bá a lọ síbẹ̀ torí ọ̀rọ̀ oyún ṣíṣẹ́, ṣùgbọ́n àwọn bíṣọ́ọ̀bù yẹn kan náà ti ń sọ ọ́ tipẹ́tipẹ́ pé ó yẹ kí gbogbo èèyàn rí ìtọ́jú gbà, Póòpù John XXIII sì ti kọ ọ́ lọ́dún 1963 pé ìtọ́jú ìlera wà lára ẹ̀tọ́ ọmọ èèyàn.

Ẹ̀yin Mùsùlùmí, ti yín rèé. Lọ́dún 1284 ni Sọ́tánì Qalawun bẹ̀rẹ̀ ilé ìwòsàn ńlá kan ní Cairo, owó wákáfù, ìyẹn dúkìá tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ àánú, ló ń gbé e ró, olówó àti tálákà, ọkùnrin àti obìnrin, ló sì wà fún. Òfin ìpìlẹ̀ Sàúdí Arébíà tọdún 1992 náà kọ ọ́ sí abala 31 pé ìjọba ló máa pèsè ìlera fún ọmọ ìlú kọ̀ọ̀kan. Ta ló máa pe Sàúdí ní ìjọba kọ́múníìsì?

Àtakò kan wà tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, mi ò sì ní fò ó. Wọ́n ní ará Samáríà rere, àpò ara ẹ̀ ló ti yọ owó, kò sẹ́ni tó fi òfin gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Òótọ́ ni. Àmọ́ ìwé mímọ́ kan náà ò fi tálákà sílẹ̀ fún inú rere nìkan. Diutarónómì 14:28-29 pàṣẹ pé lọ́dún kẹta-kẹta kí wọ́n kó ìdámẹ́wàá irè oko jọ sínú ìlú fún àlejò, ọmọ òrukàn àti opó, kò sọ pé ẹni tó bá wù. Sàká náà, ọ̀ranyàn ni, Kùránì 9:60 sì ka àwọn tó ń gbà á jọ mọ́ àwọn tó lẹ́tọ̀ọ́ sí lára ẹ̀, tó túmọ̀ sí pé wọ́n yan èèyàn sídìí iṣẹ́ yẹn. Ẹ lè bá mi jiyàn lórí iye tó yẹ kí ìjọba gbà, bóyá ó ń ná an dáadáa, bóyá aládàáni ló yẹ kó máa ṣiṣẹ́ náà. Àríyànjiyàn gidi nìyẹn, kò sì sọ ẹnì kankan di kèfèrí.

Ibi tí ẹ̀sìn àti òfin yìí ti forí gbárí lóòótọ́, ó kéré ju báwọn èèyàn ṣe ń pariwo ẹ̀ lọ. Ẹ wo ẹjọ́ Hobby Lobby tílé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà dá ní June 30, 2014, adájọ́ márùn-ún sí mẹ́rin. Àwọn tó ni iléeṣẹ́ náà, Kristẹni paraku ni wọ́n, wọ́n ní ẹ̀rí ọkàn àwọn ò gbà kí àwọn sanwó oríṣi mẹ́rin lára ọ̀nà ìfètòsọ́mọbíbí 20 tí òfin ní kí ìnṣọ́ránsì òṣìṣẹ́ kárí, torí wọ́n gbà pé ó lè pa oyún, ilé ẹjọ́ sì dá wọn láre. Wọn ò bá 16 tó kù jà. Ìnṣọ́ránsì àwọn òṣìṣẹ́ wọn kò sì dúró, wọ́n ń san án lọ.