Ẹni Tó Rán Wọn Níṣẹ́ Ni Wọ́n Ń Bẹ̀rù

Ọ̀kan nínú àwa tí à ń kọ ojú ewé yìí ń wá rìsíìtì kan lọ́sẹ̀ tó kọjá, ló bá da wọ́lẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sórí tábìlì. Káàdì báńkì márùn-ún ló jáde, ẹyọ kan péré ló sì ń lò. Nínú mẹ́rin tó kù, ó ní òun gba ọ̀kan nítorí ọmọ ẹ̀gbọ́n òun, ọ̀kan nítorí ọmọ alájọgbélé, ọ̀kan nítorí ọmọ ìjọ wọn. Ẹ̀kẹrin, kò tiẹ̀ rántí ẹni tó tìtorí rẹ̀ gbà á mọ́. Ilé báńkì ni gbogbo wọn ti ń ṣiṣẹ́, ẹ̀bẹ̀ kan náà ni wọ́n sì gbé wá: “Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣí àkáǹtì kan. Ẹ ò tiẹ̀ ní fowó sí i. Tágẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fún mi o.” Ó buwọ́ lùwé, ó fún wọn ní fọ́tò pásípọ́ọ̀tù méjì, ọmọ kúnlẹ̀, ó dúpẹ́, ó di ìgbàgbé.

Ẹ̀rín ni gbogbo wa kọ́kọ́ fi ṣe. Ìgbà tó yá ni ẹnìkan béèrè pé, àwọn ọ̀gá báńkì tó ń ka irú àkáǹtì mẹ́rin yẹn mọ́ ìlọsíwájú wọn lọ́dọọdún ńkọ́, ṣé wọ́n mọ̀ pé kò sí kọ́bọ̀ nínú rẹ̀? Wọ́n mọ̀. Ọmọ tó wá ṣí i mọ̀, ọ̀gá ẹ̀ka mọ̀, ẹni tó wà lókè mọ̀. Gbogbo wọn ló jọ ń díbọ́n. Tí a bá ń sọ̀rọ̀ àṣà ilé iṣẹ́, ohun tí à ń sọ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ dídán tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri ẹnu ọ̀nà kò kàn án.

Báńkì kan wà ní Amẹ́ríkà tí irú ẹ̀bẹ̀ báyìí sọ di ẹni yẹ̀yẹ́ lójú ayé. Wells Fargo lorúkọ rẹ̀. Láti ọdún 1852 ló ti wà, ìlú San Francisco ló fi ṣe ibùjókòó. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ fẹ́ kí oníbàárà kọ̀ọ̀kan ní tó nǹkan mẹ́jọ lọ́dọ̀ àwọn: àkáǹtì ìfowópamọ́, káàdì, ẹ̀yáwó ilé, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ló dé tó fi jẹ́ mẹ́jọ? Olùdarí àgbà wọn, John Stumpf, ní nítorí pé ọ̀rọ̀ tí àwọn Òyìnbó fi ń pe mẹ́jọ (eight) àti èyí tí wọ́n fi ń pe ohun tó dára gan-an (great) dún bákan náà létí ni. Ẹ ò gbọ́ nǹkan. Ohùn tó dọ́gba létí ni wọ́n torí rẹ̀ di ẹrù lé ọmọ ọlọ́mọ lórí.

Ní oṣù kejìlá ọdún 2013, ìwé ìròyìn Los Angeles Times tú àṣírí ohun tó ń lọ ní àwọn ẹ̀ka báńkì náà. Àwọn òṣìṣẹ́ tí kò rí iye tí wọ́n ní kí wọ́n mú wá ń ṣí àkáǹtì tí oníbàárà kò béèrè fún. Wọ́n ń gba káàdì lórúkọ ẹni tí kò mọ̀ sí i, wọ́n sì ń bá a buwọ́ lùwé lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn mìíràn ń bẹ mọ̀lẹ́bí wọn pé kí wọ́n ṣáà wá ṣí àkáǹtì òfìfo. Ọmọ ẹ̀gbọ́n tiwa kò kúkú dá nìkan wà.

Ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹsàn-án ọdún 2016 ni ìjọba bu ìtanràn mílíọ̀nù 185 dọ́là lé wọn. Iye àkáǹtì tí wọ́n fura sí, wọ́n kọ́kọ́ pè é ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 2. Nígbà tí wọ́n tún un kà lọ́dún 2017, ó ti di mílíọ̀nù 3.5. Láàárín ọdún márùn-ún, báńkì náà ti lé nǹkan bí òṣìṣẹ́ 5,300 lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí iye òṣìṣẹ́ yẹn. Bí ọmọṣẹ́ kan bá jí nǹkan, a ó ní olè ni. Bí mẹ́wàá bá jí i, a ó ní wọn ò ṣọ́ ilé dáadáa. Ṣùgbọ́n bí 5,300 bá ń dá irú ọgbọ́n kan náà, ní ìlú tó jìnnà síra wọn, tí púpọ̀ nínú wọn kò mọ ara wọn rí, ẹni tó bá ṣì ń pariwo olè níbẹ̀, ọ̀gá ló ń wá ibi tí yóò fi pamọ́ sí. Síbẹ̀ àwọn kékeré ni Stumpf kọ́kọ́ nàka sí, kí ariwo tó le débi tó fi kọ̀wé fipò sílẹ̀ ní oṣù kẹwàá ọdún 2016 kan náà.

Báńkì yìí ní ìwé pélébé tí wọ́n kọ ìwà àti ìlànà rẹ̀ sí, ó sì rẹwà lójú. Ó ní nọ́ńbà tẹlifóònù tí òṣìṣẹ́ lè pè bó bá rí ohun tí kò tọ́. Àwọn kan pè é, wọ́n sì sọ pé ẹ̀yìn ìyẹn ni iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ àwọn. Ní oṣù kẹrin ọdún 2017, àjọ ìjọba tó ń rí sí ààbò òṣìṣẹ́ pàṣẹ pé kí báńkì náà gba ọ̀gá kan tó tú irú àṣírí bẹ́ẹ̀ padà sẹ́nu iṣẹ́, kí wọ́n sì san mílíọ̀nù 5.4 dọ́là fún un. Òṣìṣẹ́ tó jókòó nítòsí ẹni tí wọ́n lé, ẹ̀kọ́ wo lẹ rò pé ó kọ́ lọ́jọ́ náà: ti inú ìwé pélébé ni, àbí èyí tó fojú ara rẹ̀ rí?

Àwọn àgbà ní ẹni tó rán ni níṣẹ́ là á bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún. Oníbàárà ni ẹni tí wọ́n ń jẹ́ iṣẹ́ fún. Ó lè bínú, ó lè sunkún, ó lè sépè pàápàá, kò lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọ̀gá tó ń pe orúkọ wọn láàárọ̀ láti béèrè iye tí wọ́n mú wá lè gbà á. Ìdí nìyí tí a fi ń sọ pé ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ilé iṣẹ́ kan yóò ṣe ṣe sí oníbàárà, kó lọ wo bí ọ̀gá ibẹ̀ ṣe ń ṣe sí òṣìṣẹ́ tó gbẹ̀yìn.

Télọ̀ kan wà ládùúgbò wa tí kò kọ nǹkan kan sára ògiri. Bó bá gé aṣọ tán, yóò ṣa àgékù rẹ̀ jọ, títí kan èyí tí kò tó àtẹ́lẹwọ́, yóò ká a mọ́ aṣọ tó rán nínú ọ̀rá. Àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń ṣe bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé ó pàṣẹ fún wọn. Lọ́jọ́ kan, ọ̀kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé fi àgékù léèsì oníbàárà rán fìlà ọmọdé, ó sì tà á. Ọ̀gá kò lù ú, kò sì lé e. Ó ní kó mú owó fìlà náà, àwọn méjèèjì jọ rìn lọ sílé obìnrin tó ni léèsì, ọ̀gá ló sì kọ́kọ́ tọrọ àforíjì. Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á dọṣẹ. Ọmọ yẹn ti gba fúrídọ̀ọ̀mù báyìí, a gbọ́ pé òun náà ń ká àgékù sínú ọ̀rá.

Ní Nàìjíríà, a ti jẹ ìyà tiwa. Lọ́dún 2004, Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà, CBN, lábẹ́ Charles Soludo, ní kí owó ìdókòwò báńkì kọ̀ọ̀kan kúrò ní bílíọ̀nù 2 náírà, kó di bílíọ̀nù 25. Báńkì 89 ló di 25 nígbà tí ọdún 2005 fi parí. Àwọn tó kù tóbi lójijì, owó tí wọ́n ń wá náà sì tóbi sí i. Ẹ lọ bi àwọn tó ṣiṣẹ́ báńkì lásìkò yẹn bí wọ́n ṣe ń rán ọmọge tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde yunifásítì lọ sí ọ́fíìsì àwọn alágbára, tí kò sì sí ẹni tó ń béèrè ohun tí ojú rẹ̀ rí níbẹ̀, àfi iye tó mú bọ̀.

Lọ́jọ́ kẹrìnlá oṣù kẹjọ ọdún 2009, Sanusi Lamido Sanusi, tó gba ipò gómìnà CBN lẹ́yìn Soludo, yọ olùdarí àgbà báńkì márùn-ún lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ó sì da bílíọ̀nù 420 náírà sínú àwọn báńkì náà kí wọ́n má bàa wó. Ẹni tó ti jẹ́ olùdarí àgbà Oceanic Bank gbà ní kóòtù lọ́dún 2010 pé òun jẹ̀bi, wọ́n sì gba dúkìá tó tó bílíọ̀nù 191 náírà lọ́wọ́ rẹ̀. Owó tó pọ̀ tó báyìí kò gba inú ilé kan kọjá kí òṣìṣẹ́ má rí i. Wọ́n rí i. Ẹni tó ń to fáìlì rí i. Ta ni yóò sọ fún ta ni?

Láti ìgbà náà, òfin ti pọ̀ sí i, àwọn tó ń yẹ ìwé báńkì wò náà ti pọ̀ sí i. Ìpàdé àárọ̀ Mọ́ńdè kò yí padà. Àwọn ọmọ tó ń lọ síbẹ̀ ti ròyìn rẹ̀ fún wa: aago méje, wọ́n á pe orúkọ kọ̀ọ̀kan àti iye tó mú wá, ẹni tí tirẹ̀ bá jẹ́ òdo á wà lórí ìdúró títí ìpàdé á fi tú. Púpọ̀ nínú wọn kì í ṣe òṣìṣẹ́ báńkì gan-an. Agbaṣẹ́ṣe kan ló gbà wọ́n, tó wá fi wọ́n háyà fún báńkì. Owó oṣù wọn kéré, wọn kò sì ní ìdánilójú pé oṣù tó ń bọ̀ á bá wọn níbẹ̀. Àwọn yìí gan-an ni wọ́n ní kó lọ kó ọgọ́ọ̀rọ̀ mílíọ̀nù náírà wálé.

Àwọn ọ̀gá báńkì yóò ní láìsí tágẹ́ẹ̀tì, ọmọ òde òní kò ní ṣiṣẹ́. A ò bá wọn jà lórí ìyẹn. Àgbẹ̀ pàápàá máa ń sọ iye ebè tí òun yóò kọ kí oòrùn tó mú. Ohun tí wọ́n ń kà la bá wọn jà sí. Bó bá jẹ́ àkáǹtì tí wọ́n ṣí ni wọ́n ń kà, wọn yóò rí àkáǹtì títí ilẹ̀ yóò fi kún. Kí wọ́n máa ka èyí tí oníbàárà ṣì ń lò lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Kí wọ́n sì yé gbé tágẹ́ẹ̀tì owó ìfipamọ́ lé òṣìṣẹ́ tí báńkì kò gbà síṣẹ́ fúnra rẹ̀ lórí rárá. Ẹni tí ẹ ò lè pè ní òṣìṣẹ́ yín lọ́jọ́ ìgbéga, ẹ má ṣe pè é lọ́jọ́ tágẹ́ẹ̀tì.

CBN ní iṣẹ́ tirẹ̀. Nígbà tí àwọn olùyẹ̀wò rẹ̀ bá dé báńkì, kí wọ́n yéé jókòó ti àwọn ọ̀gá nìkan. Kí wọ́n pe àwọn kékeré lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ọ̀gá wọn má sí níbẹ̀, kí wọ́n bi wọ́n léèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí kò bá tágẹ́ẹ̀tì. Bí ìwà ìbàjẹ́ bá sì jáde láti ẹ̀ka kan, kí owó ajẹmọ́nú àwọn tó wà lókè lọ sí i. Amẹ́ríkà ṣe é: lọ́dún 2020, wọ́n lé Stumpf kúrò nínú iṣẹ́ báńkì títí ayé, wọ́n sì gba mílíọ̀nù 17.5 dọ́là lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣáájú ìyẹn, ní oṣù kejì ọdún 2018, báńkì àpapọ̀ wọn ti ní kí Wells Fargo má tóbi ju bó ṣe wà lọ mọ́. Oṣù kẹfà ọdún 2025 ni wọ́n tó tú u sílẹ̀. Ó lé lọ́dún méje tí wọ́n fi so ó mọ́lẹ̀, nítorí ohun tó bẹ̀rẹ̀ láti orí “ẹ bá mi ṣí àkáǹtì kan.”

Ìdójútini níbi iṣẹ́ kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ inú ilé báńkì nìkan. Lọ́dún 2022, Nàìjíríà fọwọ́ sí àdéhùn 190 ti Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé, ILO, tó lòdì sí ìwà ipá àti ìfìyàjẹni níbi iṣẹ́. Kí Iléeṣẹ́ Ìjọba tó ń rí sí Ọ̀rọ̀ Iṣẹ́ sọ fún wa bóyá mímú ènìyàn dúró fún wákàtí kan níwájú ẹgbẹ́ rẹ̀ wà nínú ohun tí a fọwọ́ sí.

Mọ́ńdè tó ń bọ̀, ní aago méje, wọn yóò tún pe orúkọ. Olùdarí tó bá sọ pé báńkì tòun kò rí bẹ́ẹ̀, kó wọ aṣọ tí wọn kò mọ̀ mọ́ ọn, kó lọ sí ẹ̀ka kan tí kò ti dé rí, kó jókòó sí àga ẹ̀yìn, kó má sọ ẹni tí òun jẹ́. Kó wo ẹni tó wà lórí ìdúró.