Skúrù nìkan kò lè tún epo ọ̀kadà ṣe

Wọ́n ní ẹni tó bá ti ra sàlẹ́ńsà aláriwo ní ọjà Ládípọ̀, kó kàn yí skúrù ara kábúrétọ̀ (ohun tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ fún ẹ́ńjìnnì) díẹ̀, ó parí. Rárá o, kò parí. Iṣẹ́ skúrù yẹn ò kọjá ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń dún lójú kan, títí dé nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin tọ́rọ́tù (ọwọ́ tí ẹ ń yí kí ọ̀kadà lè sáré). Abẹ́rẹ́ inú kábúrétọ̀ ló gba àárín, jẹ́ẹ̀tì ńlá (ihò tí epo ń gbà kọjá) ló ni òpin.

Sàlẹ́ńsà tó ṣí gbayawu máa ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ ju epo lọ. Ẹ́ńjìnnì á gbóná jù, pílọ́ọ̀gì á funfun bí ẹfun, á sì máa yìn pàà-pàà tí ẹ bá dẹ tọ́rọ́tù. Ẹ kọ́kọ́ wo gásíkẹ́ẹ̀tì tó wà láàárín sàlẹ́ńsà àti ẹnu ẹ́ńjìnnì ná. Tó bá ń jò, ariwo kan náà ni.

Bí nọ́ńbà jẹ́ẹ̀tì ńlá bá jẹ́ 95, ẹ gbìyànjú 98 tàbí 100. Ẹ sún klípù abẹ́rẹ́ sísàlẹ̀ ní ojú kan, abẹ́rẹ́ á gòkè, epo á pọ̀ sí i. Skúrù ló kẹ́yìn, kí ẹ́ńjìnnì ti gbóná. Skúrù tó bá wà lápá fílítà afẹ́fẹ́, tí ẹ bá yí i le, epo á pọ̀. Èyí tó sún mọ́ ẹ́ńjìnnì, títú ló ń fi epo kún un. Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà.

Ẹ fi pílọ́ọ̀gì tuntun dán an wò: ẹ fi tọ́rọ́tù kíkún sá a lójú títì tó dá (kì í ṣe Third Mainland Bridge o), ẹ di kílọ́ọ̀ṣì mú, ẹ pa á lójú ẹsẹ̀, ẹ tú pílọ́ọ̀gì. Àwọ̀ tíì oníwàrà ló dáa. Tó bá dúdú bí èédú, ẹ dín jẹ́ẹ̀tì kù.